Àpáta Olúmọ Kì í Ṣe Ọmọ Òkè Ayọnáyèéfín

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé òkúta yíyọ́ ló ń hó lábẹ́ ẹsẹ̀ wa bí epo inú agbada, pé òun ló ru síta nígbà kan tó sì di Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti àwọn àpáta yòókù nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Mo takò ó, nítorí ohun tó wà lábẹ́ èèpo ilẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní máńtù, òkúta líle ni. Ìsẹ̀lẹ̀ ló jẹ́ ká mọ̀. Irú ìgbì kan wà tí ìsẹ̀lẹ̀ ń rán wọ inú ayé tí kì í lè gba inú ohun tó ń ṣàn kọjá. Síbẹ̀ ó ń la máńtù kọjá, ó di nǹkan bí 2,900 kìlómítà nísàlẹ̀ kó tó pàdé ohun tó dá a dúró. Apá òkè máńtù ló tutù jù nínú rẹ̀, òun àti èèpo ilẹ̀ sì so pọ̀, wọ́n jọ ń rìn díẹ̀díẹ̀.

Ara Olúmọ gan-an ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Gíráníìtì ni, àwọn hóró inú rẹ̀ sì tóbi débi pé ojú lásán ń rí wọn. Ohun tó bá ti ẹnu òkè ayọnáyèéfín jáde máa ń tètè tutù, hóró rẹ̀ kì í ráyè dàgbà. Hóró ńlá fi hàn pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni àpáta náà ti rọra tutù. Òkúta máńtù sì yàtọ̀ sí i pátápátá: ó wúwo, ó dúdú, ó ní àwọ̀ ewé. Biu ní Ìpínlẹ̀ Borno àti agbègbè Jos la ti ń rí ègé rẹ̀, níbi tí ayọnáyèéfín tòótọ́ ti gbé e wá sókè. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tiwa, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àwọn ilẹ̀ àtijọ́ kọlu ara wọn, èèpo ilẹ̀ nípọn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ́, ó gòkè díẹ̀, ó sì dì mọ́ abẹ́ ilẹ̀; òun ló di Olúmọ.

Ẹnìkan lè ní, bó bá ti yọ́ rí, kí ni ìyàtọ̀? Ìyàtọ̀ ńlá ni. Olúmọ ti gan kó tó rí oòrùn. Òjò àti ìgbóná ló wọ́ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ títí tó fi yọ. Àwọn mìíràn á tọ́ka sí ìsẹ̀lẹ̀ tí ará Abẹ́òkúta gbọ́ lára ní 1984 àti 2009, pé iná wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣàn kì í sán. Òkúta líle tó ní ojú sísán àtijọ́ ló ń yẹ̀ lójijì, tí ilẹ̀ fi ń mì. Àwọn ihò Olúmọ tó fi ààbò bo Ẹ̀gbá nígbà tí Ṣódẹkẹ́, aṣáájú wọn, kó wọn dé Abẹ́òkúta ní 1830 náà kì í ṣe ẹnu òkè ayọnáyèéfín: ibi tí àpáta ti sán, tí òjò sì ti jẹ ẹ́ wọnú ni.