Ewé Wo Ló Kọ́kọ́ Pọ́n? Àìtó Oúnjẹ Lára Ewéko Inú Ìkòkò

Ẹni tó gbin tìmátì sínú garawa, tí ewé rẹ̀ wá ń pọ́n bí ìyeyè, ajílẹ̀ ló máa ń sáré bù sí i. Ìsáré yẹn gan-an ti pa ewéko púpọ̀. Òótọ́ ni pé ebi tètè ń pa ohun tó wà nínú ìkòkò: gbòǹgbò kò rí ibi nà sí, omi tó sì ń jò nídìí ìkòkò ń ṣan náítírójìn lọ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ìka ọwọ́ ló yẹ kó ṣáájú ajílẹ̀. Bí wọ́n bá tì í bọ iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n sì bá a tó rin gbingbin, tó ń rùn, gbòǹgbò ló ń rà. Ajílẹ̀ kò lè wo ìyẹn.

Bí omi bá wà níwọ̀n, ewé àgbà àti ewé ọ̀dọ́ ni kí wọ́n fi wéra. Náítírójìn, pòtásíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù ṣeé kó kiri: bí wọ́n bá wọ́n, ewéko á yọ wọ́n lára ewé ìsàlẹ̀, á kó wọn fún ọ̀mùnú òkè. Irin àti kálísíọ̀mù kì í ṣí kúrò níbi tí wọ́n bá dé sí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ewé ọ̀dọ́ ni àìtó wọn kọ́kọ́ ń hàn lára rẹ̀.

Nítorí náà, bí odindi ewé ìsàlẹ̀ bá pọ́n, náítírójìn ni. Bí etí rẹ̀ bá jó bíi pé iná rà á, pòtásíọ̀mù ni. Bí ewéko bá ràn, tí ewé rẹ̀ ń ṣe èsè àlùkò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Bí iṣan ewé ìsàlẹ̀ bá ṣì tutù ṣùgbọ́n tí àárín wọn pọ́n, magnẹ́síọ̀mù ni. Ṣíbí ìmutíì kan iyọ̀ Epsom (iyọ̀ magnẹ́síọ̀mù) nínú omi lítà kan sábà máa ń tó o. Bí àpẹẹrẹ kan náà bá wà lórí ọ̀mùnú, irin ni.

Ọ̀rọ̀ irin yìí ló ń tan ènìyàn jù. Ẹ wo òdòdó ixora tí wọ́n gbìn sínú ìkòkò onísìmẹ́ńtì: sìmẹ́ńtì ń tú sínú iyẹ̀pẹ̀, pH rẹ̀ (òdiwọ̀n tó ń fi hàn bóyá iyẹ̀pẹ̀ kan tàbí kò kan) á ròkè kọjá 7, irin tó wà níbẹ̀ kò wá ní ṣeé fà fún gbòǹgbò. Ní àwọn ọdún 1840, Eusèbe Gris ará Faransé fi omi tí wọ́n po iyọ̀ irin mọ́ tọ́jú ewé àjàrà tó ń pọ́n, ewé náà sì padà tutù. Irin chelate, ìyẹn irin tí wọ́n ṣe kí gbòǹgbò lè rí i fà, ni wọ́n ń lò báyìí, ṣùgbọ́n bí ìkòkò náà kò bá kúrò, àrùn á padà. Eérú ìdáná náà ní tirẹ̀ nínú: ó ní pòtásíọ̀mù lóòótọ́, kò ní náítírójìn, ó sì tún ń gbé pH sókè. Ẹni tó ń bù ú sídìí ixora tó ti ń pọ́n ń dá kún un ni.

Tìmátì tí ìdí rẹ̀ dúdú, tó jẹrà, kálísíọ̀mù ni kò dé inú èso. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kálísíọ̀mù wà nínú iyẹ̀pẹ̀. Omi tí wọ́n ń bu lónìí tí wọ́n sì gbàgbé fún ọjọ́ mẹ́rin ló fà á.

Ajílẹ̀ NPK 15-15-15 tó wà lọ́jà máa ń ṣiṣẹ́ fún àìtó gbogbogbòò, bí wọ́n bá fi wọ́n díẹ̀díẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ tó ti tutù, tí kò kan igi ewéko. Yúríà, tí náítírójìn inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún, le jù fún ìkòkò kékeré. Bí ohun funfun bá ti gbá sójú iyẹ̀pẹ̀, iyọ̀ ajílẹ̀ ló pọ̀ jù: omi mímọ́ ni kí wọ́n dà sí i léraléra títí yóò fi ṣàn jáde nídìí. Ewé tó ti jó létí kò ní í padà sípò mọ́. Ọ̀mùnú tó bá yọ ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí i ni kí wọ́n máa wò.