Etí Tó Yege Lónìí: Ibi tí Àyẹ̀wò Ẹ̀ẹ̀kan Mọ nípa Ìgbọ́ràn Ọmọ Èkó

Láti ọdún 2008 tí Bolajoko Olusanya àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti gbé ìwádìí wọn jáde lórí etí ọmọ ìkókó l'Ékòó, ibi tí ọmọ ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG ni gbogbo wa ń tọ́ka sí pé kí a ti máa yẹ etí wò. Ọgbọ́n ńlá ni. Ìyá tó bímọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ n'Ísàlẹ̀ Èkó lè má dé ilé ìwòsàn Island Maternity rárá, ṣùgbọ́n yóò gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. N kò jiyàn ìyẹn. Ohun tí mò ń jiyàn rẹ̀ ni èyí tí àwa tó kà á fà yọ: pé etí tó bá ti yege nínú àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan, ó ti yege náà nìyẹn.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á ki rọ́bà kékeré bọ etí ọmọ tó ń sùn, ẹ̀rọ OAE á ta ìró wọlé, á sì dúró de èyí tí kọ́kílíà, ìkarahun inú etí, bá dá padà. Ọmọ tó bá kùnà nìkan ló ń kan AABR, àyẹ̀wò tó ń wo bí iṣan ìgbọ́ràn ṣe ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ tí ibà pọ́njú ṣe ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bilirúbìn, èyí tó ń pọ̀ lára nígbà ibà pọ́njú, lè ba iṣan ìgbọ́ràn jẹ́ kó má fọwọ́ kan kọ́kílíà. Ìró á padà, ẹ̀rọ á ní ó yege, ọmọ kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yé. Níbi tí wọ́n ti ń kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ, tí èròjà G6PD tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kò sì tó lára ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin, káńfọ̀ lè mú ibà pọ́njú le lára wọn; èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ kan tàbí méjì.

Bẹ́ẹ̀ ni etí tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ etí tó ń bàjẹ́ lọ. Omi ẹ̀yìn awọ etí sábà máa ń gbẹ láàárín oṣù mẹ́ta, ó sì lè padà bí ọ̀fìnkìn bá dé. Ìdọ̀tí etí, yíyọ ni. Nínú ọmọ 359 tí Olusanya, Okolo àti Ijaduola yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n ń wọ ilé ìwé (2000), 13.9% ni kò gbọ́ dáadáa, ìdọ̀tí etí ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n rí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi iye yẹn gbè mí lẹ́yìn. Kòkòrò àìfojúrí CMV tí ọmọ kó nínú oyún yàtọ̀: ó lè jẹ́ kí etí tó gbọ́ nígbà ìbí di dídí lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, kí ó sì máa le sí i. Ní Bìrìtéènì, Fortnum àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2001) ṣírò ọmọ tí ìgbọ́ràn wọn dínkù láìní àwòtán sí 1.07 nínú 1000 ní ọmọ ọdún mẹ́ta, àti 2.05 láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú àlékún yìí jẹ́ èyí tí wọn kò tètè rí. Síbẹ̀, pẹ̀lú ibà pọ́njú àti àrùn yírùnyírùn tó wà láàárín wa, mo gbà pé ti Èkó ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, kí àyẹ̀wò tún wáyé lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ èéyi, ní oṣù 9 àti oṣù 15; kí ọmọ tí ilé ìwòsàn ọmọdé Massey bá sì tọ́jú fún ibà pọ́njú bẹ̀rẹ̀ lórí AABR.