Ìṣesí èérún nínú ohun líle, ohun olómi àti gáàsì

Ìṣesí èérún nínú ohun líle, ohun olómi àti gáàsì jẹ́ àlàyé tí ìmọ̀ físíksì àti kẹ́místrì ṣe nípa ìdí tí ohun kan fi lè le bí òkúta, kí ó ṣàn bí omi, tàbí kí ó tàn ká bí afẹ́fẹ́. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé yìí, àwọn èérún tíntìntín ni a fi dá gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn, àwọn èérún náà kì í sì í dúró jẹ́ẹ́ nígbà kankan. Ohun méjì ni ó ń pinnu ipò tí ohun kan yóò wà: bí àwọn èérún rẹ̀ ṣe di ara wọn mú tó, àti bí eré wọn ṣe pọ̀ tó. Bí ìdìmú bá borí, ohun náà yóò le. Bí eré bá borí, yóò di gáàsì. Ohun olómi wà láàárín àwọn méjèèjì. Omi ni àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ni jù lọ, nítorí pé inú ilé ìdáná kan ṣoṣo ni a ti lè bá a ní ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: yìnyín nínú fíríìsà, omi nínú ife, àti ooru omi lókè ìkòkò tí ó ń hó.

Ohun tí èérún jẹ́

Èérún lè jẹ́ átọ̀mù kan ṣoṣo, bí ó ti rí nínú irin àti góòlù, tàbí kí ó jẹ́ mólékúlù, èyí tí í ṣe àkópọ̀ átọ̀mù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mólékúlù omi kan ní átọ̀mù háídrójìn méjì àti átọ̀mù ọ́ksíjìn kan. Omi tí ó wọn gíráàmù 18, tí ènìyàn lè gbé mì lẹ́ẹ̀kan, ní mólékúlù tí iye wọn tó 6.022 × 10²³.

Ohun kan wà tí ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Wọ́n a máa rò pé mólékúlù inú yìnyín le, pé èyí tí ó wà nínú omi rọ̀, àti pé èyí tí ó wà nínú ooru omi fẹ́ tóbi sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mólékúlù kan náà ni ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwúwo rẹ̀ kò sì yí padà. Mólékúlù kan ṣoṣo kò le, kò sì rọ̀. Líle àti rírọ̀ jẹ́ ìwà ọ̀pọ̀ èérún tí ó wà pọ̀.

Nínú ohun líle

Nínú ohun líle, èérún kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì dì í mú yíká. Kò lè fi àyè náà sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n níbi tí ó wà. Ìdí nìyí tí òkúta fi ń pa ìrísí rẹ̀ mọ́ láìsí ohun tí a fi gbà á dúró. Bí ìgbóná bá wọ inú ohun líle, ìgbọ̀n náà á pọ̀ sí i, àwọn èérún á sì ti ara wọn sẹ́yìn díẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn tí ó ń kọ́ afárá fi máa ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín àwọn apá rẹ̀.

Kíkúrò ní àyè ẹni ṣòro nínú ohun líle, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1896, William Chandler Roberts-Austen ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé átọ̀mù góòlù lè rìn wọ inú òjé nígbà tí òjé náà ṣì le, láìjẹ́ pé ó yọ́.

Yìnyín yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ohun líle yòókù. Nínú ọ̀pọ̀ ohun, àwọn èérún máa ń súnmọ́ra sí i nígbà tí ohun náà bá dì. Ṣùgbọ́n bí omi bá dì, àwọn mólékúlù rẹ̀ a máa tò ní igun mẹ́fà mẹ́fà, àlàfo a sì wà láàárín wọn. Nítorí náà, omi máa ń gba àyè tí ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí ó bá di yìnyín. Ìgò tí a rọ omi kún dé ẹnu, tí a dé pa, tí a sì gbé sínú fíríìsà, yóò fọ́. Èyí náà ni ó mú kí yìnyín léfòó lórí omi. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, orí adágún ni ó máa ń dì, omi tí ó wà nísàlẹ̀ a sì máa ṣàn, àwọn ẹja a sì wà láàyè nínú rẹ̀ títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Nínú ohun olómi

Àwọn èérún inú ohun olómi súnmọ́ra fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ti inú ohun líle. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n lè yọ́ kọjá lára ara wọn, bí àwọn ènìyàn inú ọjà tí ó kún fọ́fọ́. Èyí ni ó fi jẹ́ pé omi kò ní ìrísí tirẹ̀, ìrísí ohun tí a bù ú sí ni ó máa ń ní, síbẹ̀ kò ṣeé fún pọ̀. Bí a bá fa omi kún síríǹjì, tí a fi ìka dí ẹnu rẹ̀, tí a sì tì í, kò ní wọlé. Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀, yóò wọlé dé ibì kan.

Kì í ṣe gbogbo ohun ni ó ní ojú kan pàtó tí ó fi ń yọ́. Oríṣiríṣi mólékúlù ni ó wà nínú epo pupa, ìwọ̀n ìgbóná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń dì kò sì dọ́gba. Nítorí náà ni epo tí ó wà nínú ìgò fi máa ń pín sí méjì ní òwúrọ̀ ọyẹ́: èyí tí ó ti dì á sílẹ̀ sísàlẹ̀, èyí tí ó ṣì ń ṣàn á wà lókè.

Eré àwọn èérún inú omi kò dọ́gba. Àwọn kan ń sáré ju àwọn kan lọ, àwọn tí eré wọn pọ̀ jù ní ojú omi a sì máa já kúrò lọ́wọ́ àwọn yòókù, wọn a bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Báyìí ni omi ṣe ń fà láìjẹ́ pé ó hó. Àwọn tí ó kù lẹ́yìn ni àwọn tí eré wọn kéré, nítorí náà omi tí ó ṣẹ́kù á tutù sí i. Iṣẹ́ àmù nìyí. Omi ń ṣẹ́ jáde láti àwọn ihò wínníwínní ara amọ̀, ó ń fà kúrò lójú àmù, ó sì ń kó ìgbóná omi inú rẹ̀ lọ. Ike kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí omi inú rẹ̀ kì í fi í tutù tó ti àmù. Àmù sì máa ń tutù jù lọ nígbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ tí omi sì tètè ń fà.

Nínú gáàsì

Gíráàmù kan omi gba nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà oníbùú mẹ́ta kan. Bí ó bá di ooru ní 100 °C, yóò gba nǹkan bí 1,670. Mólékúlù kan kò kún un, àlàfo ni ó pọ̀ sí i. Àwọn èérún gáàsì jìnnà sí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìdìmú fẹ́rẹ̀ẹ́ má já mọ́ nǹkan kan mọ́ láàárín wọn, wọ́n sì ń sáré tààrà títí wọn yóò fi kọlu òmíràn tàbí ara ohun tí a pa wọ́n mọ́ sí. Daniel Bernoulli ti sọ ní ọdún 1738 pé ìkọlù yìí gan-an ni agbára tí gáàsì fi ń ti nǹkan. Táyà kọ̀kẹ́ tí a fẹ́ atẹ́gùn sí le nítorí pé àìmọye mólékúlù ń lù ú láti inú láìdáwọ́ dúró. Bí oòrùn bá pa á, eré wọn á pọ̀ sí i, táyà náà á sì le sí i.

Ní 20 °C, mólékúlù náítrójìn inú afẹ́fẹ́ ń sáré ní ìwọ̀n nǹkan bí mítà 470 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ọdún 1858, C. H. D. Buys Ballot ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì béèrè ìbéèrè kan tí ó lágbára lórí irú iye bẹ́ẹ̀: bí mólékúlù bá ń sáré tó báyìí, kí ni ó dé tí òórùn oúnjẹ fi máa ń pẹ́ kí ó tó ti ìkángun yàrá kan dé ìkejì? Rudolf Clausius ti ilẹ̀ Jámánì dá a lóhùn lọ́dún kan náà. Ó ní mólékúlù kì í rìn jìnnà kí ó tó kọlu òmíràn tí yóò yí ojú rẹ̀ padà. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, ibi tí ó lè rìn dé láàárín ìkọlù méjì kò ju nǹkan bí nánómítà 70 lọ. Irun orí kan nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan.

Ìyípadà láti ipò kan sí òmíràn

Bí yìnyín bá ń yọ́, ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ kì í kúrò ní 0 °C títí gbogbo rẹ̀ yóò fi yọ́ tán, bí iná tilẹ̀ ń jó lábẹ́ rẹ̀. Títú ìdìmú àwọn èérún ni iná náà ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kì í ṣe fífi kún eré wọn. Yíyọ́ gíráàmù kan yìnyín gba júùlù 334. Gbígbé omi yẹn láti 0 °C dé 100 °C gba nǹkan bí 418. Sísọ ọ́ di ooru gba nǹkan bí 2,260, nítorí pé ìgbà yìí ni àwọn èérún gbọ́dọ̀ já pátápátá kúrò lára ara wọn.

Ooru omi a máa dá gbogbo júùlù wọ̀nyí padà nígbà tí ó bá tún di omi lára ohun tí ó tutù jù ú lọ. Òun ni ó ń se mọ́ínmọ́ín jinná láìjẹ́ pé omi kan ewé. Òun náà ni ó mú kí ooru omi jó ara ènìyàn ju omi híhó lọ, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ wà ní 100 °C. Ó yẹ kí a fi kún un pé ooru omi kò ṣeé fojú rí: ohun funfun tí ó ń rú lókè ìkòkò jẹ́ ẹ̀kán omi kéékèèké tí ó ti tutù padà.

Àwọn ohun líle kan wà, bíi káfúrà tí a ń fi sáàárín aṣọ, tí ó máa ń di gáàsì láìkọ́kọ́ yọ́. Ipò kẹrin tún wà, plasma, nínú èyí tí ìgbóná ti já àwọn átọ̀mù fúnra wọn. Inú oòrùn àti nínú mànàmáná ni a ti ń rí i.

Bí a ṣe mọ̀ pé èérún wà

Ní ọdún 1827, onímọ̀ ewéko Robert Brown, ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi awò amúǹkan-tóbi wo ẹ̀wù tíntìntín tí ó jáde láti inú lẹ́búlẹ́bú òdòdó sínú omi, ó sì rí i tí wọ́n ń ta gìrìgìrì láìsinmi. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀mí wà nínú wọn. Nígbà tí ó lọ òkúta kúnná, tí ó sì bù ú sínú omi, òun náà ń ta.

Fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, kò sí àlàyé tí gbogbo ènìyàn gbà. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwọn àgbà onímọ̀ bíi Wilhelm Ostwald ṣì gbà pé átọ̀mù kò ju ọ̀nà ìṣírò lọ. Ní ọdún 1905, Albert Einstein ṣe ìṣírò tí ó fi hàn bí ohun kékeré kan yóò ṣe máa rìn bí ó bá jẹ́ pé mólékúlù omi ni ó ń lù ú láti ìhà gbogbo. Jean Perrin ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í dán ìṣírò náà wò ní ọdún 1908, ó sì bá a mu. Ostwald gbà. Ludwig Boltzmann, ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún átọ̀mù, ti kú ní ọdún 1906, kò sì rí ọjọ́ náà. Perrin gba Ẹ̀bùn Nobel nínú físíksì ní ọdún 1926.

Gáàsì ìdáná

Kò sí ibi tí ìmọ̀ yìí ti kan ẹ̀mí ènìyàn nínú ilé tó gáàsì ìdáná. Àdàlù propane àti butane ni. Propane máa ń hó ní −42 °C, butane ní nǹkan bí 0 °C, nítorí náà gáàsì ni ó yẹ kí àwọn méjèèjì jẹ́ nínú yàrá. Agbára tí a fi fún wọn pọ̀ sínú sílíńdà ni ó sọ wọ́n di olómi. Ẹni tí ó bá mi sílíńdà náà yóò gbọ́ ọ. Lítà kan rẹ̀ tí ó bá jò jáde yóò di gáàsì tí ó ju lítà 200 lọ. Mólékúlù rẹ̀ wúwo ju ti afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ni ó máa ń rọ̀ sí, kì í gòkè bí èéfín. Ó lè kóra jọ sábẹ́ tábìlì tàbí sínú gọ́tà, kí iná kékeré kan sì ràn án láti ibi tí ó jìnnà sí sílíńdà. Fèrèsé òkè nìkan kò tó láti lé e jáde. Ilẹ̀kùn tí ó kan ilẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣí pẹ̀lú. Gáàsì náà fúnra rẹ̀ kò ní òórùn tí ènìyàn lè tètè gbọ́. Ethanethiol tàbí irú rẹ̀ ni a fi kún un kí imú lè mọ̀ pé ó ń jò.

A kì í rọ ọ́ kún sílíńdà dé ẹnu. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni a máa ń rọ, a ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún gáàsì. Bí oòrùn bá pa sílíńdà, ohun olómi inú rẹ̀ yóò fẹ̀; gáàsì tí ó wà lókè yóò sún fún un, nítorí pé gáàsì ṣeé fún pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun olómi nìkan ni ó kún un, kò ní sí ohun tí yóò sún, irin sílíńdà ni yóò ya.