Ṣílè Kan fún Ìdílé Kan: Ẹ̀kọ́ Peckham fún Ìgbẹ́tì

Ọmọ Ìgbẹ́tì tí ó bá dé Lọ́ńdọ̀nù yóò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu pé owó ni wọ́n fi ń ra òógùn níhìn-ín. Nílé, ẹsẹ̀ òkè Àgbélé àti Ìyámàpó ni pápá ìṣeré wa. Bí òṣùpá bá yọ, àwọn ọmọdé a máa jìjàkadì ní ojúde, ẹnikẹ́ni kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní òkè òkun, bí o kò bá san owó oṣù, jíìmù aládàáni kò ní ṣílẹ̀kùn fún ọ.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni gbogbo ìtàn náà. Òfin ọdún 1846 ti fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láṣẹ láti fi owó ìlú kọ́ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìfọṣọ. Òfin ọdún 1937 tún fún wọn láṣẹ lórí pápá ìṣeré, jíìmù àti ibi ìlúwẹ̀ẹ́.

Ní Peckham, níbi tí èdè Yorùbá ti ń dún lọ́jà lónìí, dókítà méjì, George Scott Williamson àti Innes Pearse, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní 1926. Ní 1935 wọ́n ṣí ilé ńlá kan tí ó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti jíìmù. Ṣílè kan lọ́sẹ̀ ni ìdílé kan ń san, àti bàbá àti ìyá àti ọmọ. Dókítà a sì máa yẹ ara wọn wò kí àìsàn tó dé. Ogun tì í ní 1939. Wọ́n tún un ṣí ní 1946, ṣùgbọ́n ní 1950 owó tán, ó sì kógbá sílé. Ilé gbígbé ni wọ́n sọ ọ́ dà.

Síbẹ̀, èrò náà kò kú. Ní 2016, ìjọba ìbílẹ̀ Southwark, tí Peckham wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn olùgbé ibẹ̀ lo jíìmù àti ibi ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn àkókò kan láàárín ọ̀sẹ̀.

Àwa náà kọ́ tiwa. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ pápá Liberty sí Ìbàdàn ní 1960. Níbẹ̀ ni Dick Tiger ti borí Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní 1963, nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ tí ayé ń wò. Ohun ìwúrí ni. Àmọ́ pápá ìwòran yàtọ̀ sí pápá ìlò: ẹni tí ó jókòó wòran kò làágùn.

Ìgbẹ́tì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọlọ́runṣògo. Kò dìgbà tí a bá kọ́ ilé olówó ńlá. Ẹ jẹ́ kí a wọn ilẹ̀ kan, kí a fi òfin dè é pé a kò gbọdọ̀ tà á, kí a sì yan ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Peckham ti kọ́ wa pé ohun rere tí a kò dè mọ́lẹ̀ lè di ilé onílé. Òkè wa kò ní sá lọ; ilẹ̀ títẹ́jú ni àwọn akọ́lé ń wá.