Ayùn Orí Tábìlì: Láti Inú Kòtò dé Òṣòdì

Kí ẹ̀rọ tó dé, ènìyàn méjì ló ń la gẹdú: ọ̀kan lókè, èkejì nínú kòtò, tí lẹ́búlẹ́bú igi ń dà sí i lójú. Ní àsìkò yẹn, àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil wá sí Èkó mọ iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ bíríkì dunjú. João Baptista da Costa, ọ̀kan lára ọ̀gá wọn, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894.

Lẹ́yìn náà, ibùdó ìlagẹdú Òkò Bàbá ní Ẹ̀búté Mẹ́ta gba iṣẹ́ kòtò. Gẹdú ń léfòó bọ̀ lórí ọ̀sà nígbà náà, ẹ̀rọ ńlá ń là á sí pákó. Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ayùn ọwọ́ ni káfíńtà fi ń gé ìyókù.

Ayùn orí tábìlì kékeré tó jẹ́ tókùnbọ̀ wá ńkọ́? Ó fúyẹ́, olówó rẹ̀ lè tètè gbé e kúrò; ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré ní Òṣòdì, níbi tí ìjọba ti wó ọjà Owónífáàrí ní 2016.

Àmọ́ kí olùrà wo iná rẹ̀ ná. Ti Amẹ́ríkà ń lo fólítì 120, tiwa jẹ́ 230. Bí kò bá sí tiransifọ́mà, èéfín ló máa kọ́kọ́ dé. Kó fọwọ́ mi ọ̀pá tó di abẹ ayùn mú: bó bá ń mì, kó fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Bó bá le dáadáa, ó tó rà. Kó kàn án mọ́ tábìlì tó wúwo, kó pààrọ̀ abẹ rẹ̀, kó sì wọn àyè tó wà láàárín abẹ náà àti irin atọ́nà tí pákó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, níwájú àti lẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá fún ju iwájú lọ, abẹ á fún pákó mọ́ra, á sì jù ú padà sí káfíńtà níkùn.