Ọ̀nà Mẹ́kà láti Ṣàngó: ọdún mélòó, wákàtí mélòó?

Tí ẹ bá dúró ní Ṣàngó n'Ílọrin, títì Jẹ́bà àtijọ́ lẹ wà yẹn. Ìhà àríwá ló kọrí sí, ó ń lọ bá Odò Ọya. Lóde òní, ará Ṣàngó tó ń lọ sí Mẹ́kà kì í gba ibẹ̀. Á kẹ̀yìn sí Jẹ́bà ni, á la ìgboro kọjá lọ sí pápákọ̀ òfurufú lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́.

Láti Ìlọrin dé Jẹ́dà, tí í ṣe ẹnu ọ̀nà Mẹ́kà, bíi kìlómítà 4,000 ni lójú òfurufú. Bàálù tí kò bá yà síbì kankan á fi bíi wákàtí 5 débẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí aago tàn yín o: Saudi fi wákàtí 2 ṣíwájú wa, torí náà aago á ní wákàtí 7 lẹ lò lálọ, 3 péré lábọ̀.

Àwọn tó fẹsẹ̀ rìn láyé àtijọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà 30 lójúmọ́ á rin 4,000 láàárín nǹkan bí ọjọ́ 133. Kò tiẹ̀ pé oṣù 5. Àmọ́ ọdún làwọn arìnrìn-àjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń kà. Lóòótọ́, ọ̀nà ilẹ̀ ò tọ́ bí ojú òfurufú: Kánò, Borno, Chad, Darfur, El Obeid, Khartoum, kí wọ́n tó dé Suakin tàbí Port Sudan létí Òkun Pupa, níbi tí wọ́n á ti wọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìyẹn nìkan ò tó sọ oṣù dọdún. Owó ló ń tán. Tówó bá ti tán, wọ́n á dúró, wọ́n á gba iṣẹ́ oko tàbí kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéwú. Òjò á dé, àìsàn á dé, ìyàwó á bímọ sọ́nà.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá oko òwú ńlá sílẹ̀ ní Gezira, ní Sudan, lọ́dún 1925, àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà àtàwọn tó ń bọ̀ wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò kúrò mọ́. Àrọ́mọdọ́mọ wọn ṣì wà ní Sudan. Fallata làwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Hausa àti Fúlàní ló pọ̀ jù nínú wọn.

Mọ́tò dé, bàálù tẹ̀ lé e. Ewu náà yára bí ìrìn-àjò ṣe yára. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kìíní, 1973, Boeing 707 kan ń kó àwọn àlàájì bọ̀ láti Jẹ́dà sí Èkó. Ojú ọjọ́ ò dáa, ó yà sí Kánò, ibi tó ti fẹ́ balẹ̀ ló ti já. Èèyàn 176 ló kú.

Owó ńkọ́? Lọ́dún 2025, owó hájì ju mílíọ̀nù 8 náírà lọ. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ lè fi ọdún mẹ́wàá tu owó wákàtí 5 jọ. Ọdún táwọn ará àtijọ́ ń lò lójú ọ̀nà, ilé là ń lò ó báyìí, kí ẹsẹ̀ ẹni tó kan bàálù.

Ní oṣù Kẹrin 2023, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan, wọ́n ti òfurufú ibẹ̀ pa. Àwọn bàálù tó ń kó àlàájì láti Nàìjíríà ní láti yí gba ibòmíì, wákàtí gùn sí i, àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù sì ní kí wọ́n fowó kún owó.