Òkè Ìdànrè: Ìlú tí Ó Sọ̀kalẹ̀ Láti Orí Àpáta

Bí ẹ bá wọkọ̀ láti Àkúrẹ́, tí ẹ kọjú sí ìhà gúúsù, ẹ kò ní í rìn ju nǹkan bí 20 kìlómítà ó lé díẹ̀ lọ kí ẹ tó dé Ìdànrè. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó dúró rárá ni ojú yín yóò ti rí àwọn òkè náà. Àpáta ńláńlá ni wọ́n, ara wọn ń dán, orí wọn rí roboto, wọ́n sì tò ti ara wọn bí agbo erin tí ó sùn sínú igbó. Àwọn mìíràn nínú wọn ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ìtẹ́jú òkun. Àwọn tí ó mọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta sọ pé àpáta yìí ti wà láti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Òǹrìnàjò pọ̀ tí ó ń lọ síbẹ̀ láti lọ gba atẹ́gùn, láti na ẹsẹ̀, àti láti ya àwòrán. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gun òkè náà tí kò bèèrè ìtàn rẹ̀, àpáta nìkan ni ó rí. Kò rí ìlú. Nítorí pé ìlú ni ó wà lókè yẹn.

Ní ọjọ́ kan tí mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lọ síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jókòó ní ìdajì ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, “Tísà, kí ni ó gbé odidi ìlú dé ibí?” Ìbéèrè rere ni. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn rẹ̀.

Ìtàn tí àwọn ará Ìdànrè gbà lọ́wọ́ àwọn baba wọn ni pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti wá, wọ́n sì ń pe ìlú wọn ní Ùfẹ̀-Òkè. Àwọn kan sọ pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí òkè náà, ẹnu yà wọ́n, wọ́n sì kígbe pé, “Ìdán rè é!” Ohun tí ó hàn sí wa kedere ni pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi gbé orí àpáta yìí, kì í sì í ṣe nítorí ẹwà rẹ̀. Ààbò ni wọ́n ń wá. Bí àwọn ìlú mìíràn ti ń mọ odi, tí wọ́n ń wa yàrà, òkè ni odi tí Ọlọ́run mọ fún Ìdànrè. Àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá mọ ọgbọ́n yìí pẹ̀lú. Ẹ rántí àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n sá di Olúmọ nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbógun ti ìlú orí òkè, ẹnu ọ̀nà tóóró ni yóò gbà, yóò sì ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé ibi tí ọfà ti ń dúró dè é.

Kí ni ó wá mú wọn sọ̀kalẹ̀? Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé “ọ̀làjú” ni. Ọ̀rọ̀ náà kúrú jù. Ogun Kírìjí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, tí àwọn ọmọ ogun sì tú ká ní 1893, òun ni ìgbẹ̀yìn ogun ńlá láàárín àwa Yorùbá. Nígbà tí ogun tán, iṣẹ́ tí òkè ń ṣe dínkù. Lẹ́yìn náà ni kòkó dé. Inú igbó ìsàlẹ̀ ni kòkó ti ń so, kì í so lórí àpáta. Ẹ ro ti àgbẹ̀ tí ó ń sọ̀kalẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó tún ń gòkè ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ọkọ̀ ẹrù tí ó ń ra kòkó kò sì lè gun àpáta. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé onípáànù sí ìsàlẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1920 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ìlú sọ̀kalẹ̀, ó di Òdòdé tí a mọ̀ lónìí. Kò sí ọ̀tá tí ó lé wọn. Àlàáfíà àti kòkó ni ó pè wọ́n wá sílẹ̀.

Àwọn ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì wà lókè. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ẹ ó gùn, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ẹ ó rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, pẹ̀lú òpó onígi tí a gbẹ́ ère sí lára. Ẹ ó rí ilé ẹjọ́ àtijọ́, àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn lára àpáta, èyí tí wọ́n ní ó ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu. Wole Soyinka fi orúkọ òkè yìí pe ìwé ewì rẹ̀ kan tí ó jáde ní 1967. Ọ̀pọ̀lọ́ kan sì wà níbẹ̀ tí a kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé. Orí àpáta tútù ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà, kì í ṣe inú odò. Àwọn onímọ̀ kọ nípa rẹ̀ ní 1963, ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1970 wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́, àfi ní 2013 tí wọ́n tún rí i.

Ọ̀pọ̀lọ́ lè padà wá. Ògiri alámọ̀ tí òjò bá wó kì í padà dìde fúnra rẹ̀. Ní 2007, a kọ orúkọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé UNESCO, láàárín àwọn ibi tí a ń fẹ́ kí ó di ogún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ká kọ orúkọ sílẹ̀ kì í ṣe ká gba oyè. Ìtọ́jú ni a ó fi gba oyè náà.

Ní ọjọ́ tí mo wí yẹn, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mú èédú, ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Bàbá tí ó ń mú wa kiri kò bá a jà. Ó kàn bi í pé, “Ọmọ mi, ilé bàbá ta ni o ń kọ orúkọ sí yẹn?” Ọmọ náà fi aṣọ ara rẹ̀ nu ún. Èmi olùkọ́ ni ojú tì jù, nítorí èmi ni kò kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ pé ilé ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ, ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tí ó lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ gbé omi dání, ẹ má sì gòkè nígbà tí òjò bá ń rọ̀, nítorí àpáta ń yọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ìlú ṣáájú yín, ẹ sì bèèrè kí ẹ tó wọ ibikíbi. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí ẹ bá dé òkè, ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tí ìlú wà nísinsìnyí, kí ẹ sì tún wo ẹ̀yìn yín, níbi tí ó ti wá. Ó dìgbà o.